Àádọ́ta Dín Lẹ́gbẹ̀ta

Má jókòó. Mo ní má jókòó, ìdúró ni wàá ti gbọ́ ọ, torí ìjókòó lo wà nígbà tí mo pè ẹ́, tí oúnjẹ wà lẹ́nu ẹ, tí o ní, “Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa lọ fúnra ẹ̀.” Ṣé ó lọ? Wọ́n ti fún ẹlòmíì ní bẹ́ẹ̀dì Màmá, iṣẹ́ abẹ ojú tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn lọ́la ti forí ṣánpọ́n, ìwọ sì ń bi mí pé kí ló dé tí ojú mi le.

Kí ni ọsibítù béèrè? Wọ́n ní ká fi ímeèlì dáhùn kó tó di ọjọ́ Ẹtì pé à ń bọ̀, báwọn ò bá gbọ́ nǹkan, àwọn á mú ẹni tó kàn. Ìwọ tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹnjiníà torí o ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ tẹ àdírẹ́sì wọn sínú fóònù mi. Mo fi ránṣẹ́, ó padà wá bá mi, ó gbé nọ́ńbà kan lórí. Mo pè ẹ́. Màmá jókòó tì mí, mo sì fẹ́ kí ó yé wọn, ni mo bá kà á bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé, àádọ́ta dín lẹ́gbẹ̀ta.

O ní, “Hẹn-ẹ́n, irinwó àti nǹkan nìyẹn, ẹ ṣáà dúró.” Ta ló pe irinwó fún ẹ? O gbọ́ àádọ́ta, o gbọ́ dín, ìyókù dàrú mọ́ ẹ lójú, dípò kí o ní kí n kà á lédè òyìnbó, o já irinwó látinú afẹ́fẹ́. Abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ojú ń ti Ẹnjiníà.

Mò ń parọ́ mọ́ ẹ? Ó dáa, kí ni ẹgbẹ̀ta? Mò ń gbọ́. Gbójú kúrò lájà, ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ni, yọ àádọ́ta kúrò, 550 ló kù.

Obìnrin tó ń gbé fóònù lọ́sibítù ló là á yé mi. Ó ní bí nọ́ńbà bá fi méjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbà á. Bó bá fi mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló há, padà wá. Ti márùn-ún ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí, yéé kan ilẹ̀kùn. Márùn-ún ni tèmi! Ká ní o sọ bẹ́ẹ̀, ṣé mi ò ní yẹ àdírẹ́sì yẹn wò? Mo yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lo fò. Mo tún un ṣe, ó wọlé lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fèsì pé ká máa retí ìgbà mìíràn.

Má bẹ̀ mí, ojú tèmi ò ṣókùnkùn. Màmá tó ti di ẹrù wọn sílẹ̀ ni kí o bẹ̀. Láàárọ̀ yìí wọ́n ń fọwọ́ tálẹ̀ wá sálúbàtà, wọ́n ní ojú ọmọ ẹ làwọn á kọ́kọ́ wò. Ìwọ ni wọ́n tún ń ṣàdúrà fún, wọ́n ní Ẹnjiníà ló bá àwọn ṣe é.

Wọ́n ń pè ẹ́, o ò gbọ́? Wọ́n ti mọ ohùn ẹ. Wọn ò tíì mọ nǹkan kan o, mi ò sọ, mi ò sì ní sọ. Kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Ẹnu ọ̀nà ò há, wọlé lọ bá ìyá ẹ, tí wọ́n bá sì bi ẹ́ pé ìgbà wo ni, o ò gbọdọ̀ ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.