Ojoojúmọ́ Tí Mo Kọ́ Àǹtí Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń kọ ọ́. Adájọ́ ti dá mi lẹ́bi, ó sì tọ́ sí mi. Ẹ má wulẹ̀ sunkún nítorí mi. Ẹ̀wà tí wọ́n ń sè níbí ló yẹ kí ẹ sunkún fún.

Mẹkáníìkì ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni mí ní Èbúté Ìkòròdú. Iṣẹ́ náà ń bọ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí ẹ̀rọ kankan kì í bàjẹ́, tí èmi àti àwọn awakọ̀ ojú omi á kàn máa ta ayò. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akóyanrìn ilé-iṣẹ́ kan gbá mi ní ibùdókọ̀ Benson, ẹsẹ̀ mi sì dá. Àǹtí Sàláwà, àbúrò ìyá mi láti Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń ta ẹja yíyan létí èbúté, ni wọ́n ń bọ́ mi.

Lọ́yà mi sọ pé ilé-iṣẹ́ náà yóò san owó iṣẹ́ tí mo pàdánù, bí mo bá lè fi hàn pé mo ń ṣiṣẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tó dá.

Ó ní, "Mú àwọn awakọ̀ wá. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ó tó."

Ojúkòkòrò kò jẹ́ kí n gbà pé ó tó. Àwọn awakọ̀ á sọ ti ayò! Mo bá tọ àǹtí mi lọ.

"Àǹtí, ẹ ṣáà sọ pé ojoojúmọ́ lẹ ń rí mi lẹ́nu iṣẹ́."

"Ojoojúmọ́ kẹ̀? Ìwọ tó o máa ń sùn bí ológbò?"

Mo tọ́ka sí ẹsẹ̀ mi, mo sunkún díẹ̀, wọ́n sì gbà.

Ní kóòtù, àǹtí mi fi Kùránì búra. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà, ọmọ Ìkòròdú, rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ojoojúmọ́ lẹ ń wá sí èbúté, tí ẹ ń rí i?"

"Ojoojúmọ́ ni, sà. Àtòjò àtẹ̀ẹ̀rùn."

"Ọjọ́ Orò ńkọ́?"

Ta ni kò mọ̀ pé obìnrin kì í yọjú síta ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Orò? Èmi tí mo ro gbogbo nǹkan, n kò ro ìyẹn. Àǹtí mi ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Mi ò jáde o! Inú ilé ni mo wà, mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé! Mílọ́ọ̀dù, irọ́ ni mo pa o! Ẹ má jẹ́ kí Orò gbọ́!"

Adájọ́ pàápàá fi ìwé bo ẹnu. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí ọlọ́pàá tó ń bọ̀ wá mú àǹtí mi. Àánú wọn ṣe mí, ojú sì tì mí. Mo fi ọ̀pá gbé ara mi dìde.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́ wọn."

Adájọ́ kìlọ̀ fún àǹtí mi, ó ní kí wọ́n máa lọ. Èmi ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé mo kọ́ ẹlẹ́rìí ní irọ́, tí wọ́n sì gbé wá síbí, ẹjọ́ owó iṣẹ́ mi sì fọ́ yángá. Àwọn awakọ̀ ti wá wò mí. Wọ́n ní tọkàntọkàn làwọn ì bá fi jẹ́rìí, pé kí ló burú nínú ayò? Ìyẹn ló dùn mí jù.

Àǹtí mi náà wá, wọ́n gbé ẹja dání. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí jì mí.

Wọ́n ní, "Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá tún fẹ́ parọ́, ọmọ mi, ẹnu ara ẹ ni kó o fi pa á."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ ta ayò. Ẹ má fi irọ́ yín sẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn yín. Kò ní í lè kọ̀ fún yín.