Èéfín Olóòórùn Dídùn Tó Wọ Ẹ̀dọ̀fóró Ọmọ Mi

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá síwájú ìjọ lónìí, tí kì í ṣe pé ẹ̀ ń wá kí mi nílé kú ará fẹ́ra kù. Mo kí Wòlíì, mo kí àwọn ìyá nínú ìjọ, mo kí ẹgbẹ́ akọrin. Èmi ni Ìyá Dàmi tó ń ránṣọ ní Ìgàndò. Kí n tó wọlé láàárọ̀ yìí, àwọn kan ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹ̀rí yìí. Wọ́n ní kí n kàn sọ pé ọmọ mi ṣàìsàn, Ọlọ́run wò ó sàn, kí n lọ jókòó. Wọ́n ní omidan ṣì ni, ẹni tó máa fẹ́ ẹ lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn sú mi. Ẹ̀rí tá a ti yọ egungun inú rẹ̀ sọnù, ta ló fẹ́ ràn lọ́wọ́? Dàmi fúnra rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Òun ló ní kí n sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ṣá.

Ẹ mọ Dàmi. Òun ló máa ń dá orin fún ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, iṣẹ́ méékọ́ọ̀pù ló ń ṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gbọ́ òórùn kan nínú yàrá rẹ̀. Lónìí á dà bíi máńgòrò, lọ́la á dà bíi súìtì tí wọ́n ń yọ́ lórí iná. Mo bi í, ó ní bọ́dì sípúréè ni. Mo ní ó dáa, ó ń ta sánsán. Nǹkan kan sì wà tó máa ń mú dání, ó gùn tó ìka ọwọ́, ó ní àwọ̀ ewé, iná kékeré kan wà nídìí rẹ̀. Ó ní páwá báǹkì ni, òun fi ń ṣájì fóònù. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Bí wọ́n bá mú iná wá tí Dàmi ò sí nílé, èmi ìyá rẹ̀ ni mo máa ń ki wáyà bọ̀ ọ́, pé kó má baà kú. Mò ń bọ́ ohun tó ń jẹ ọmọ mi lójoojúmọ́, mo sì rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ, kò lágbára. Mo ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Mo ní páúdà méékọ́ọ̀pù ni. Mo ra oògùn ikọ́ ní kẹ́mísí, mo fún un ní orógbó àti oyin, mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ń rù. Tó bá gbé orin, tí ohùn rẹ̀ bá ti ń lọ sókè, á já lójijì, á máa wá èémí. Ẹ̀yin náà rí i níbí. Ẹ sọ fún mi pé àwọn tó ń jowú ohùn rẹ̀ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí pé ó rọrùn láti gbà.

Ìyá kan nínú yín, mi ò ní dárúkọ wọn, ní ká jáde, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ẹ ti gbé e lọ sí ọsibítù?"

Mo ní, "Mà, à ń gbàdúrà."

Wọ́n ní, "Àdúrà kọ́ ni mo bi yín." Inú bí mi débi pé mi ò kí wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dárí jì mí.

Obìnrin kan wà nínú ilé tá a jọ ń gbé tí à ń pè ní Ìyá Mọ́díná. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọkọ ń wa kẹ̀kẹ́ láti Ìgàndò lọ sí Ìkòtún, ìyàwó ń yan ẹja tà lẹ́yìnkùlé. Mo jókòó, mo rò ó títí, mo ní èéfín ẹja obìnrin yìí ló ń pa ọmọ mi. Mo bọ́ síta lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sọ fún un lójú gbogbo ayálégbé pé bí nǹkan bá ṣe Dàmi, ọrùn rẹ̀ ni mo máa so ó mọ́.

Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ìyá Dàmi, ẹ má bínú. Màá gbé àgbá mi kúrò."

Ó yí àgbá tó fi ń yan ẹja lọ sí ìkángun àdúgbò, níbi tí kò síbòji, ibẹ̀ ló wá ń dúró sí nínú oòrùn. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Ikọ́ ò sì dá.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, aago mẹ́wàá àárọ̀, Dàmi lọ pọnmi. Láti ibi ẹ̀rọ omi dé ẹnu ọ̀nà wa kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ. Kò gbé garawa yẹn délé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi tó dà nù, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè ń bọ̀ sílẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú. Èmi dúró, mò ń pe Jésù. Ìyá Mọ́díná ló sáré dé, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀ tó ń fọ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́.

"Bàbá Mọ́díná, ẹ fi omi yẹn sílẹ̀. Ẹ sitáàtì kẹ̀kẹ́."

Títí a fi dé ọsibítù, àyà obìnrin tí mo bú ni orí ọmọ mi wà. Èmi gbé báàgì dání.

Nọ́ọ̀sì fi nǹkan kan tó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ há a níka, ó wo nọ́ńbà tó jáde, ó sáré lọ pe dókítà. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Dókítà tó wá, ọmọdébìnrin ni lójú mi. Ó bi Dàmi bóyá ó máa ń mu sìgá. Dàmi mi orí pé rárá. Ó ní, "Fépù ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń fa fépù?"

Kí Dàmi tó lanu, èmi ti dáhùn. Mo ní, "Dókítà, akọrin ni. A kì í mu nǹkan kan nílé wa."

Dókítà ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn dáhùn."

Mo wá bi í pé kí ló ń jẹ́ fépù. Ó ní nǹkan gbọọrọ kan báyìí ni, wọ́n máa ń ṣájì rẹ̀, èéfín rẹ̀ máa ń rùn bí èso. Ẹ̀yin ará, mi ò mọ ibi tí mo máa kojú sí.

Dàmi ti ń sunkún lábẹ́ ohun tí wọ́n fi bò ó nímú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Wọ́n ní kì í ṣe sìgá. Wọ́n ní omi lásán ni."

Wọ́n yẹ itọ́ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya ẹ́síréè àyà rẹ̀, dókítà gbé e sí ojú iná. Ó ní ibi tó yẹ kó dúdú, torí pé afẹ́fẹ́ ló yẹ kó kún ibẹ̀, ló funfun báyìí, bí ẹni da ògì sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Ó ní kì í ṣe omi lásán. Kẹ́míkà tó ń mú un ta sánsán wà nínú rẹ̀, ohun inú tábà tí kì í jẹ́ kéèyàn lè fi í sílẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń fà á ló máa rí báyìí, àmọ́ afẹ́fẹ́ nìkan ni Ọlọ́run dá ẹ̀dọ̀fóró fún. Ohun tó ń ta sánsán yẹn, tí wọ́n tún fi ń mú oúnjẹ dùn, ikùn ló mọ bó ṣe máa ṣe é. Ẹ̀dọ̀fóró ò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí ọ́síjìn. Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ní bí kò bá yí padà, ẹ̀rọ ló máa bá a mí. Mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, àdúrà ọ̀tá ni, mi ò sì rí ọ̀tá kankan tí mo máa dárúkọ. Mo ní, "Olúwa, ọmọ mi ló fà á. Èmi ni mò ń bá a ṣájì rẹ̀. Mi ò ní àlàyé. Ṣàánú wa bá a ṣe wà yìí." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wòlíì àtàwọn aládùúrà wá, wọ́n gbàdúrà tiwọn. Ìyá Mọ́díná ń ṣe tiẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ igi níta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún un, nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín ọ́síjìn kù. Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n yọ ọ́.

Nígbà tá a délé, mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Mọ́díná lójú àwọn ayálégbé kan náà. Ó fà mí dìde, ó ní, "Ọmọ ń mí, Ìyá Dàmi. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn dúpẹ́." Èmi àti Dàmi la yí àgbá rẹ̀ padà wálé. Èmi yí i ṣá, Dàmi ń fẹnu darí mi.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, mò ń gbálẹ̀, mo rí fépù mìíràn nínú bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ohun tójú wa rí. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè pariwo. Mo nà án sí i. Ó ní, "Mọ́mì, ó ń pè mí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fà." A padà sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn ò bá a jà. Wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe àwọn tó ń fà á nìyẹn, wọ́n bá a jókòó, wọ́n kọ́ ọ ní ohun tó lè ṣe bó bá ń pè é. Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí tí kò fọwọ́ kàn án.

Kò tíì lè dá orin. Bó bá gun àtẹ̀gùn, á dúró láàárín. Dókítà ní díẹ̀díẹ̀ ni, àwọn ò sì lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ ló máa padà. Èmi ò ní purọ́ fún yín níwájú pẹpẹ pé ó ti padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wolẹ̀, mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Ẹ kàn mú ohun tó wà lápò yín fún ìyá yín kó tó di pé dókítà ló máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ìyá, ẹ yéé sáré wá ọ̀tá kiri àdúgbò. Ẹ wọ yàrá ọmọ yín, ẹ jókòó, ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó dáhùn.

Ó ti tó. Gbogbo ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ rò ó kẹ́ ẹ tó ṣe é. Dàmi ṣe é pẹ̀lú yín báyìí, níbi tó jókòó sí, kò sì sí ohunkóhun nímú rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Ẹni tí èémí bá wà nínú rẹ̀, kó dìde bá mi fi yin Ẹni tó fi í síbẹ̀.