Ìlà Kan Ṣoṣo Tí O Yọ Kúrò

Táyọ̀, mi ò mu omi! Lucy ìyàwó wa, jọ̀ọ́, gbé omi yẹn padà, ìwọ kọ́ ni mo ń bínú sí, ṣùgbọ́n kò sóhun tó máa gba ọ̀fun mi kọjá nínú ilé yìí lónìí. Láti Decatur ni mo ti ń wakọ̀ bọ̀, gbogbo traffic Marietta yìí, mo jókòó sínú ẹ̀, mo ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí ẹ̀ yí, ohun kan ni mo sì ń bi ara mi: Táyọ̀ tí mo mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí mi, kí ni mo ṣe fún un? Kí ni Aunty Damaris ṣe fún un?

Dìde nílẹ̀. Mi ò wá gba ìdọ̀bálẹ̀. Mo ní kó o dìde!

Ìlà kan ni. Ìlà kan péré! Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́ sí ọ fún ọ̀rọ̀ ìlera tó o fẹ́ gbé sórí ìkànnì ẹ: "Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyọ̀ yìí, àfi tí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i." O yọ ọ́ kúrò. O yọ ọ̀rọ̀ mi, o sì fi orúkọ mi sílẹ̀! Gàdàgbà lábẹ́ ẹ̀: "Nọ́ọ̀sì Abímbọ́lá ló yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò." Èwo nínú ẹ̀ ni mo yẹ̀ wò? Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, tó fata sẹ́nu!

Ṣebí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún ọ lórí fóònù. Mo ní iyọ̀ tí wọ́n fi ń rọ́pò iyọ̀ gidi yẹn, pòtásíọ̀mù ló kún inú ẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, á tọ èyí tó bá pọ̀ jù dànù, ṣùgbọ́n ẹni tí tiẹ̀ ti ń kú lọ, inú ẹ̀jẹ̀ ló máa kó jọ sí, títí á fi dá ọkàn onítọ̀hún dúró. O ní, "Aunty, ó ti yé mi mà." Ó yé ọ! Ọlọ́run ló rí wa, Táyọ̀, o ní ó yé ọ.

Àbúrò ìyá mi ni Aunty Damaris, ṣé o mọ̀? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú, àwọn ni wọ́n kó mi lọ sílé wọn ní Ìkirè, wọn ò sì jẹ́ kí n mọ̀ lọ́jọ́ kan pé mi ò níyàá. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà níbí, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi to páálí ní wáháọ̀sì kan ní Douglasville, títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ́kọ́ dé, kíndìnrín tẹ̀ lé e, dókítà ní kí wọ́n fi iyọ̀ sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn wọ́n bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n á ní, "Bímbọ́, ọbẹ̀ tí mò ń jẹ báyìí, omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò sàn jù ú lọ."

Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni! O rò pé àwọn ni wọ́n já lù ú fúnra wọn? Mo wà lẹ́nu shift, o fi líǹkì ránṣẹ́ pé ó ti jáde, mi ò ṣí i. Ṣebí mo ti kà á kó tó jáde, kí ni mo tún fẹ́ kà níbẹ̀? Mo kàn fi ṣọwọ́ sí Aunty Damaris, mo tún kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ yín." Yéè! Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ yín.

Wọ́n pè mí lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀rín wà lóhùn wọn. "Bímbọ́, adùn ti padà sẹ́nu mi o! Mo ti ń lo ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀." Mo rò pé aáyù àti ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Kí ló máa mú mi rò ó síbòmíràn, nígbà tí mo mọ̀ pé mo ti kìlọ̀ fún irú wọn síbẹ̀? Aláìsàn kan ń pè mí, mo ní, "Aunty, màá pè yín padà." Nígbà tí mo pè lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń wúwo. Mo ní orúnkún ni.

Mo ní orúnkún ni, Táyọ̀. Èmi nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Wednesday, mo pè, mo pè, wọn ò gbé e. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo já sójú títì I-20 lọ sílé wọn. Orí àga ilé ìdáná ni mo bá wọn, ọrùn wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ara wọn ṣì gbóná. Mo gbé wọn sílẹ̀, mo ń tẹ àyà wọn. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣe é fún ìyá oníyàá, wọ́n sì ń jí! Mo tẹ tìyá tèmi títí áḿbúláǹsì fi dé. Ní ọsibítù, dókítà fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ hàn mí, pòtásíọ̀mù ti kọjá ohun tí ọkàn èèyàn lè gbà. Mo ní irọ́ ni, níbo ni wọ́n ti rí i? Ìgbà tí mo padà lọ mú aṣọ wọn ni mo rí ìgò iyọ̀ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Orí ìdúró níbẹ̀ ni mo ti ṣí fóònù. Mo wá ìlà mi lókè, mo wá a nísàlẹ̀.

Nígbà tí mo pè ọ́, o wá sọ fún mi pé o yọ ọ́ torí ó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn! Pé tí ìkìlọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, wọn kì í kà á dópin! Ta ló kọ ìlànà sójú ewé àkọ́kọ́ ìkànnì yẹn? Ṣé èmi ni? "A óò máa sọ ibi tí a ti rí ọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ̀ nípa ìlera yóò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Bí a bá ṣàṣìṣe, a óò sọ ọ́ ní gbangba." Nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lo ti kà á sétí wa, a pàtẹ́wọ́ fún ọ!

Gbangba dà? Ọjọ́ kejì tí mo pè ọ́, o pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. O rò pé o ti tún un ṣe nìyẹn? Níbi ìsìnkú lọ́jọ́ Saturday, Joanna inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa dì mọ́ mi, ó ní òun dúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí mo yẹ̀ wò, pé òun ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó wà lára fíríìjì òun. Kíndìnrín ọkọ Joanna ò ṣiṣẹ́ mọ́, ó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀! Lẹ́bàá pósí ìyá mi ni mo ti ń pariwo, "Pe ilé! Pe ọkọ ẹ báyìí!" Àwọn èèyàn rò pé ìbànújẹ́ ti yí mi lórí. Ọlọ́run yọ ọ́, kò tíì ṣí ìgò tiẹ̀. Mélòó ni Joanna tá ò mọ̀? Ìwé tó wà lára fíríìjì wọn, ṣé o lè pa ìyẹn náà rẹ́?

O ní kí ni? Wọn ò ní fọkàn tán ìkànnì náà mọ́? Kí wọ́n má fọkàn tán an! Aunty Damaris fọkàn tán an.

Má sunkún. Mo bẹ̀ ọ́, nu ojú ẹ, bó o bá ń sunkún èmi náà á bẹ̀rẹ̀, a ò sì ní ṣe ohun tó gbé mi wá. Ṣí kọ̀ǹpútà. Dá ojú ewé yẹn padà, kó o fi èyí sókè pátápátá, kó ṣáájú àkòrí. Kọ ọ́: "Ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ gbé síbí kò pé, ó sì léwu. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò kìlọ̀, a yọ ìkìlọ̀ náà. Ẹnì kan ti kú." Rárá, má kọ "ó ṣeni láàánú". Ẹnì kan ti kú, dúró síbẹ̀. Fi déètì òní sí i. Kó o tún fi ránṣẹ́ sí gbogbo group tó o fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ ta ló máa wà lábẹ́ ẹ̀? Orúkọ ẹ ni. Kó o fi tèmi tẹ̀ lé e.

Ó ti tán? Dúró, má tíì gbé e jáde. Sún kọ̀ǹpútà yẹn síbí, kí n kà á ná.