Kàmọ́rù Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Bí opó àbúrò mi bá ti kanlẹ̀kùn ilé mi, ńṣe ni mo máa ń wá nǹkan kan fi ọwọ́ ṣe, kí ojú mi má baà ko tirẹ̀. Mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí kò dọ̀tí, mo lè máa tú rédíò tí kò bàjẹ́. Sèkínátù ni orúkọ rẹ̀. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, ó máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi, nítorí ó gbà pé èmi ló kù fún òun lẹ́yìn ọkọ òun. Tó bá ti jókòó tán, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Bàbá Fàtáì, ọkọ mi tó máa ń pariwo mọ́ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n fi òkúta dí táyà kí wọ́n tó wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò fi òkúta dí i lọ́jọ́ yẹn?" Màá ní, "Kádàrá ni, ìyàwó wa. Bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn." Yóò nu ojú rẹ̀, yóò sì máa lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, ó sì ti ń jẹ mí nínú bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé, tí ẹni tó wà níta kò ní mọ̀ títí òrùlé yóò fi wó.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni wá. Èmi ni àkọ́bí ìyá mi, Kàmọ́rù ni àbígbẹ̀yìn. Àwọn tó wà láàárín wa ti kú ní kékeré. Iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni wọ́n máa ń pè tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, wọ́n sì ń pè mí ní ẹnjiníà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò kàwé dé ibẹ̀. Èmi ni mo mú Kàmọ́rù wá sí Èkó pé kó wá kàwé. Kò kà á. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló lọ kọ́ ní Mafolúkù, ibẹ̀ náà ló sì ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí nígbà tó gba fúríìdọ̀mù. Inú mi kò dùn sí i láé. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ eléyìí náà: bí àbúrò mi bá wá kí mi, mo máa ń tẹ́ bébà ìròyìn sórí àga kó tó jókòó, kí epo ara rẹ̀ má baà kan tìmùtìmù mi. Ẹ̀rín ló máa ń rín. Á ní, "Bọ̀dá mi, epo yìí náà ló ń gbé oúnjẹ wá sílé o."

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ ra ọkọ̀, kí n wà á lọ sí Ìṣẹ́yìn, kí ìyá mi fi ojú rẹ̀ rí i kó tó jáde láyé. Owó ọkọ̀ tuntun kò sí, tòkunbọ̀ ni mo ń wá. Kàmọ́rù gbọ́, ó sáré wá. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má dá lọ wo ọkọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká lọ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tó ní àìsàn máa ń ti ṣíná sí i sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, kó má baà gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́." A jọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ kan lẹ́bàá Òṣòdì. Ẹ wá wo Kàmọ́rù bó ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò bí ìgbà tí dókítà ń yẹ aláìsàn! Ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì bóyá ó tutù lóòótọ́. Ó ní kí wọ́n ṣíná sí i, ó lọ dúró sẹ́yìn, ó ń wo àwọ̀ èéfín. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù sókè, ó ń wá ìpẹtà, ó ní ọkọ̀ tí omi bá ti mù kì í gbàgbé. Ó fi nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ wé ti inú ìwé rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó wo táyà bóyá ẹ̀gbẹ́ kan jẹ ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ló wọ inú rẹ̀, ó wà á lọ wà á bọ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì dáa, Bọ̀dá, ẹ rà á. Àmọ́ áńbíréèkì, èyí tí ẹ máa ń fi ọwọ́ fà tí ẹ bá dúró, kò mú rárá. Sàlẹ́ńsà tó ń gbé èéfín lọ sẹ́yìn náà ti fẹ́ já, ìpẹtà ló gbé e dúró. Kí wọ́n tún méjèèjì ṣe kí ẹ tó sanwó, tàbí kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ kan." Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ ti gbọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ṣé orí òkè lẹ ń gbé ni? Kí lẹ fẹ́ fi áńbíréèkì ṣe ní Èkó tó tẹ́jú pẹrẹsẹ yìí?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ì bá mọ síbẹ̀! Mo wá kọjú sí àbúrò mi lójú àwọn àlejò, mo ní, "Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ igi kì í kọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú iléeṣẹ́." Ẹyin lohùn, ó ti fọ́.  Kàmọ́rù mú àkísà jáde lápò, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ti mọ́.

Mo ra ọkọ̀ náà bó ṣe wà. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Kàmọ́rù ń pè mí lórí fóònù: "Bọ̀dá, ẹ gbé e wá, kò ní pẹ́." Lónìí, màá ní ọwọ́ mi dí, lọ́la, màá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé mi ò náwó sí ọkọ̀ náà o. Mo ra aṣọ ìjókòó tuntun fún un, mo ra òórùn dídùn tí wọ́n ń gbé kọ́ iwájú, mo ní kí wọ́n fi pólíìṣì kùn ún títí mo fi ń rí eyín mi lára rẹ̀. Ohun tí ojú ayé lè rí ni mo tún ṣe. Èyí tó lè gba ẹ̀mí là, mo fi í sílẹ̀. Tí mo bá dúró síbì kan, mo kàn máa ń fi jíà sínú rẹ̀ kó má baà yí lọ, nítorí ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ pààrọ̀ jíà ni.

Ọjọ́ Sátidé kan la dá pé a máa lọ sí Ìṣẹ́yìn. Àárọ̀ kùtù ni Kàmọ́rù ti dé láti Mafolúkù. Aṣọ funfun tuntun ló wọ̀, bùbá àti ṣòkòtò, ó sì ti fi ọṣẹ fọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó yí ara po níwájú mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wò mí dáadáa. Lónìí, ẹ ò ní tẹ́ bébà fún mi." Ẹ̀rín ni mo fi ṣe. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn mọ́.

Bí mo ṣe ṣíná sí ọkọ̀ tí mo ní kí n yí i padà, sàlẹ́ńsà já, ó ń wọ́ nílẹ̀, gbogbo àdúgbò ń wò wá. Òpópónà wa kò tẹ́jú o; ńṣe ló dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ lọ síbi kánáàlì. Kàmọ́rù ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n dé ṣọ́ọ̀bù lọ kó irinṣẹ́ mi, kí n gbé irin tí a fi ń gbé ọkọ̀ ró wá. Jáàkì nìkan kò tó." Mo ní ìyá wa ń retí wa. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, wáyà ni ká fi so ó títí a óo fi dé. Ẹ bá mi wá òkúta méjì ká fi dí táyà iwájú." Mo wo aago mi. Mo ní, "Kàmọ́rù, ọjọ́ ti ń lọ! Jíà ṣáà wà nínú rẹ̀. Ṣe kíá." Ó wò mí. Àbúrò kì í bá ẹ̀gbọ́n jiyàn nílé wa. Ó bọ́ bùbá funfun rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé orí fẹ́ǹsì. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó rá wọlé. Láti abẹ́ ọkọ̀ ló ti pè mí: "Bọ̀dá, ẹ má fọwọ́ kan jíà o." Mo ní, "Mo ti gbọ́."

Kò pẹ́ sígbà náà ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Fèrèsé ọkọ̀ ṣí sílẹ̀. Kí ni mo rò? Aṣọ ìjókòó mi tuntun! Mo ṣílẹ̀kùn, mo jókòó, mo fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́ kí fèrèsé lè gòkè. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí n kọ́kọ́ fi jíà sí fíríì, ibi tí jíà kò ti di táyà mú, kí n tó yí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ mi lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ náà mì, ó yọ́ lọ síwájú. Mo tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ó ti yẹ̀ lórí jáàkì. Mo gbọ́ tó pè mí lẹ́ẹ̀kan péré: "Bọ̀dá." Kò tún sọ nǹkan kan mọ́ láyé yìí.

Àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ gbé ọkọ̀ náà kúrò lára rẹ̀. Kí á tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Nígbà tí wọ́n bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹnu mi là, mo gbọ́ tó ní, "Jáàkì ló yẹ̀." Irọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Òjò ti lé gbogbo àwọn tó ń wò wá wọlé, kò sẹ́ni tó rí mi nínú ọkọ̀. Ìyàwó mi wà nínú ilé, ó ń di ẹrù tí a fẹ́ gbé lọ.

A lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn ṣá o, àmọ́ nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, pẹ̀lú àbúrò mi tí a fi aṣọ funfun dì. Nígbà tí a dé, mo rí i pé ìyá mi ti ní kí wọ́n kó gbogbo igi ìdáná kúrò níwájú ilé, wọ́n sì ti gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ọkọ̀ tí mo rà lè ráyè dúró. Ibẹ̀ la tẹ́ Kàmọ́rù sí. Àgbàlagbà obìnrin náà kò ké. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọpẹ́ ni pé ìwọ wà níbẹ̀. Ọmọ mi kò kú láìrí ẹni tirẹ̀." Ẹ gbọ́ o! Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí Mafolúkù láti kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ pé jọ, wọ́n ń kẹ́dùn. Ọ̀kan nínú wọn mi orí, ó ní, "Kàmọ́rù tó mọṣẹ́ tó báyìí, àìfarabalẹ̀ ló pa á." Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúró láàárín wọn, èmi náà sì mi orí. Mo jẹ́ kí wọ́n sin orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọkọ̀ náà ṣì wà níbi tí mo tì í sí, mi ò lè wà á, mi ò sì lè tà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání lọ, tó bá sì ti sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ tirẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ tí ẹ pọ̀n dàgbà. Ẹ tún bíréèkì ṣe kí ẹ tó ra aṣọ ìjókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá wà lábẹ́ ọkọ̀, kí ẹlòmíràn má ṣe ṣílẹ̀kùn rẹ̀ rárá, kódà bí òjò bá ń rọ̀ sínú rẹ̀, kódà bí fóònù bá ń dún níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo mọ òwe náà láti kékeré, mi ò kàn lò ó ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Sèkínátù tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bi mí ní ìbéèrè. Ó ní, "Bàbá Fàtáì, inú ti ń bí mi sí ọkọ mi látọjọ́ yìí, pé ó fi ìwàǹwára sọ mí di opó, ó sọ àwọn ọmọ mi di aláìníbaba. Mo ti rò ó. Mo ti dárí jì í." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo tún ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó sunkún títí, lẹ́yìn náà ló ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé tí ìyá mi bá gbọ́, yóò kú, tí Sèkínátù bá gbọ́, ẹbí yóò tú ká. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí obìnrin náà máa dárí ẹ̀ṣẹ̀ mi ji òkú. Mo ti pinnu pé màá sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ibi tí mo ti ń ṣiyèméjì nìyí, ẹ bá mi dá sí i: ta ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣé ìyá tó ń dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀ ni, àbí opó tó ti dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́?