Ẹ̀yìn Kámẹ́rà Tí Abdulwasiu Ṣí

Ẹ kọ́kọ́ bá mi dá a lẹ́jọ́ ná, Bàbá Olúgbénró, ẹ̀yin ayàfọ́tò wa, kí ẹ tó fọwọ́ kan kámẹ́rà yẹn. Abdulwasiu, àbúrò mi, bàbá ọmọ mẹ́rin, ẹni tó ti ń tún fóònù ṣe ní Computer Village láti ọdún mẹ́tàdínlógún, òun ló ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà bàbá wa nínú oòrùn gangan! Ó ní òun ń wá mẹ́mórì.

Mẹ́mórì, ẹ gbọ́? Nínú kámẹ́rà tó ti wà kí wọ́n tó bí òun fúnra ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, sà. Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Ẹ ṣáà mọ ìyá wa, Àlàájà Simbiat, ẹ mọ̀ pé wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi fóònù ya àwọn. Bí a bá ti gbé fóònù sókè báyìí, wọ́n á fi ìborùn bojú. Wọ́n ní àwòrán tí ọwọ́ ò lè dì mú, ta ló mọ ibi tó ń sùn? Láti ọdún mẹ́rìnlá tí bàbá wa ti kú, kò sẹ́ni tó rí wọn yà. Bàbá wa ló máa ń yà wọ́n, tí bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Àgídìngbì, kámẹ́rà yìí náà sì ni wọ́n ń lò.

Èmi ni mo ronú pé kí n fi kámẹ́rà bàbá wa yà wọ́n o. Gbogbo Agége ni mo wá fíìmù dé, ẹ̀yin náà lẹ padà bá mi rí ẹyọ kan. Mo gbé kámẹ́rà síwájú ìyá wa, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Hameedah, jẹ́ kí n wẹ̀.” Wọ́n wẹ̀, wọ́n lé tìróò, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sì yà wọ́n títí fíìmù fi tán. Ẹ ti ní kí n má ká fíìmù padà sínú agolo ẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ máa ká a fúnra yín. Ṣé mo ká a? Mo ní n óò gbé e wá fún yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Sátidé tó ṣáájú ẹ̀ ni ìyá wa kú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ a ti sin wọ́n, ẹ mọ̀ bí ìsìnkú àwa Mùsùlùmí ṣe máa ń yá. Ta ló ráyè ya fọ́tò níbẹ̀?

Abdulwasiu wá dé lánàá, torí àdúrà ọjọ́ kẹjọ di ọ̀túnla, ó fẹ́ fọ́tò tí wọ́n máa fi ṣe bánà. Kò bi mí léèrè. Ó gbé kámẹ́rà lọ sẹ́nu ọ̀nà kó lè ríran dáadáa, ó bá tú ẹ̀yìn ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo bá a, tó ń fìka tẹ fíìmù bí ẹni ń tẹ ẹ̀wà wò bóyá ó ti jinná. Mo kígbe, ó sáré pa á dé. Ó wojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Mi ò pa nǹkan kan rẹ́.”

Kò pa nǹkan kan rẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ba fíìmù jẹ́! Mo gbá a létí, Bàbá. Ọkùnrin tó nírùngbọ̀n. Ọwọ́ ṣì ń ta mí.

Kí lẹ wí? Kò bàjẹ́ tán? Àwọn àwòrán tó wà nísàlẹ̀, tí ìyókù ká lé lórí, ìmọ́lẹ̀ lè máà tíì dé ọ̀dọ̀ wọn? Àwọn wo nìyẹn? Àwọn tí a kọ́kọ́ yà?

Ẹ dúró ná. Àwọn tí a kọ́kọ́ yà… èmi ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ìyá mi bá gba kámẹ́rà, wọ́n ní kí n lọ jókòó, pé àwọn á fi bí bàbá mi ṣe ń ṣe é hàn mí. Wọ́n yà mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Yéè! Gbogbo ojú ìyá mi lọ, èmi ló kù? Ta ló fẹ́ rí èmi lára bánà?

Rárá, ẹ má dá a padà fún mi. Ẹ wọ yàrá òkùnkùn yín, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ fọ̀ ọ́, n óò dúró síbí. Mi ò lè rí ìyá mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.