Àgùntàn Tí Màámi Fi Kí Síkì

Ẹ gbọ́ ohun tí Kubat ṣe fún mi, Màámi, ẹ má sọ pé ẹ ò gbọ́, torí gbogbo àdúgbò ló gbọ́! Ọkùnrin tó ń fi síkì, pátákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà fi yọ̀ lórí yìnyín yẹn, ṣe háyà nísàlẹ̀ òkè, tó mọ̀ mí, tó mọ ọkọ mi, ó gbé mọ́tò jákujàku rẹ̀ wá sẹ́nu géètì wa lọ́sàn-án gangan, ó ń fọn fèrè, ó ń pariwo, "Burulsun, yìnyín ti ń yọ́ lókè o, gbé síkì mi fún mi!" Síkì mi! Síkì mi ló ń wí, lójú Zuurakan aládùúgbò wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn! Ṣé bí wọ́n ṣe ń bèèrè nǹkan nìyẹn? Ṣé kò lè rọra kan ilẹ̀kùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́, kó pè mí sẹ́yìn ilé? Ó ṣì wà níta báyìí, ó ń mu sìgá, ó ní òun ò kánjú.

Rárá, mi ò bọ́ kọ́ọ̀tù. Òtútù ń mú mi. Mo mọ̀ pé iná wà nínú sítóòfù, mo mọ̀ pé mo ń làágùn, ìbínú ló ń mú mi làágùn, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi ná.

Ó dáa, òun ló ni síkì. Mo ti wí i. A ò rà á, mo háyà ẹ̀ ni, látìgbà tí yìnyín ti kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ṣé mo jalè ni? Ṣé háyà ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ní Karakol? Ọkọ mi, ọmọ yín tó wà ní Rọ́ṣíà, ló ń pariwo lórí fóònù pé kí n rà á, pé ọmọ òun ò ní ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí ẹlòmíì ti làágùn sí, àmọ́ ṣé òun ló ń wọn ẹsẹ̀ Nurzat? Kubat fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ náà dúró, ó gbé síkì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ìyá Nurzat, wò ó, ibi àgbọ̀n rẹ̀ ló dé. Lọ́dún tó ń bọ̀ ibi àyà ló máa wà. Ta lo fẹ́ wá tà á fún? Háyà ẹ̀. Bí bàtà bá fún un, gbé e wá, n ó pààrọ̀ ẹ̀." Ṣé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kọ́ nìyẹn? Zuurakan tó ra tuntun fún Adilet rẹ̀, tó ń gbé e káàkiri bíi pé ó gbé ìyàwó wálé, kí òtútù tó dé àárín, bàtà ti ń ge ọmọ náà jẹ, ó ń sunkún gòkè, ó ń sunkún sọ̀ kalẹ̀! Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni, pé rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. Èmi ò gbà o! Ohun àgbàbọ̀ ló bá ọmọ tèmi mu, èyí tí wọ́n fowó gọbọi rà ló ń fún ọmọ Zuurakan pa. Wáláhì, mi ò kábàámọ̀ pé mo háyà.

Irọ́ yẹn ni. Irọ́ kékeré yẹn ló ń dà mí láàmú.

Zuurakan ló fà á! Ṣebí ẹ̀yin náà wà níjokòó lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin àti òun ń mu tíì, èmi àti Nurzat gbé síkì wọlé, kí n tó mí kanlẹ̀, ó ti ní, "Ẹ rà á ni àbí ẹ háyà ẹ̀?" Ó bi mí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín ìgbéraga yẹn, ẹ̀rín tó fi ń rán mi létí pé ọkọ tòun wà nílé. Ẹnu mi ló yá jù mí lọ. Mo ní, "A rà á ni, kí ló dé tí a ò ní rà á?" Ó parí! Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa, ojú òfìfo kì í wo ohun tuntun, ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ mú ẹ̀bùn wá fi kí ọmọ tó ni ín. Zuurakan mú ìbọ̀sẹ̀ onírun wá. Tíṣà Nurzat mú ìbọ̀wọ́ wá. Ẹ̀yin wá dìde, Màámi, ẹ̀yin tí ojú yín ò ríran dáadáa mọ́, ẹ fọwọ́ tọ síkì náà láti ìdí dé orí, ẹ pẹ́ lórí ẹ̀, ẹ jáde lọ sínú ọgbà ẹran, abo àgùntàn kan ṣoṣo tó kù fún yín, tó lóyún sínú, lẹ fà wọlé. Ẹ ní, "Èyí ni mo fi kí síkì ọmọ mi. Kó máa bá a lọ."

Kí ni kí n wí? Ẹ sọ fún mi! Ṣé kí n ní, ẹ dá a padà, irọ́ ni mo pa, lójú Zuurakan? Ilẹ̀ ò lanu nígbà yẹn, ǹ bá wọlé sí i.

Nurzat wò mí. Ojú tí ọmọ yẹn fi wò mí, Màámi! Mo fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, rírà la rà á, ó ní, "Àmì ilé Kubat wà lórí ẹ̀ ńkọ́?" Lóòótọ́ ni, Kubat olójúkòkòrò, ó ti fi irin gbígbóná sàmì sí orí síkì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí àwa ṣe ń gé etí àgùntàn kí ẹni tó ni ín lè mọ tirẹ̀. Mo bá mú sítíkà tó wà nínú bisikíìtì rẹ̀, èyí tí wọ́n ya ẹkùn sí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹkùn ni gbogbo àdúgbò ń rí. Ọkàn mi balẹ̀.

Kò balẹ̀. Ta ni mò ń tàn? Ẹ̀yin náà ò jẹ́ kó balẹ̀! Lójoojúmọ́, bí mo bá ti gbé tíì yín kalẹ̀, ẹ óò ní, "Burulsun, ṣé àgùntàn yẹn ti bí?" Mo ní ó wà lábúlé lọ́dọ̀ àbúrò mi, koríko tiwa ò tó. Ẹ óò ní, "Bó bá bí, kí wọ́n sọ fún mi o." Èèyàn á wá gbé tíì tirẹ̀ dání, kò ní lè mu ún.

Ẹ ṣáà ti gbọ́ báyìí. N ó dá ìbọ̀sẹ̀ padà. N ó dá ìbọ̀wọ́ padà. Kí Zuurakan máa fi mí ṣe orin kọ, kí ló kàn mí. Àgùntàn... ẹ má bi mí nípa àgùntàn nísinsìnyí, ẹ jọ̀ọ́.

Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí?

Ẹ mọ̀? Ẹ mọ̀ látìgbà wo? Láti ọjọ́... Háà! Ìka yín. Àmì yẹn! Ẹ ti fọwọ́ kan án kí n tó lẹ ẹkùn bò ó. Mo mà gọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ra etí àgùntàn nínú òkùnkùn láti kékeré, tí ẹ ń mọ ẹni tó ni ín, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi bébà bisikíìtì dí lọ́wọ́! Kí ló wá dé tí ẹ fi mú àgùntàn wá? Síkì tí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe tiwa, kí lẹ fi ń kí i?

Ẹ tún un wí.

Kó lè bímọ. Kí ọmọ rẹ̀ náà bímọ. Kó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ Nurzat bá dúró tán, bó bá kúrò ní ẹni tí bàtà ń kéré fún, agbo tirẹ̀ á ti tó fi ra síkì tirẹ̀. Ẹ ní kí n háyà títí di ìgbà náà, ẹ ní ohun tí mo ṣe dáa.

Màámi, ẹ má sọ pé ó dáa.

Ẹ mú ọwọ́ yín wá. Ẹ má bi mí léèrè, ẹ ṣáà mú un wá. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn kọ́ọ̀tù yìí, ẹ fọwọ́ kan irun rẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti Bishkek. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan ránṣẹ́. Lọ́jọ́ ìdíje síkì àwọn ọmọ, gbogbo ìyá ló dúró nínú yìnyín nínú kọ́ọ̀tù onírun, èmi nìkan ni mo wọ jákẹ́ẹ̀tì ṣọ́jà ọmọ yín tó ti ya lápá, Nurzat sì ń fojú wá mi, mo fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ ọjà ẹran tó tẹ̀ lé e, mo fa àgùntàn yín lọ tà. Pẹ̀lú oyún rẹ̀, Màámi. Owó rẹ̀ ni mo wọ̀ yìí. Tèmi ni, mo rà á, kò ṣeé dá padà fún ẹnì kankan, ó sì ń fún mi lọ́rùn bíi pé wọ́n fẹ́ pa mí.

Ẹ sọ̀rọ̀! Ẹ bú mi! Ẹ pe ọmọ yín ní Rọ́ṣíà, ẹ kó ẹjọ́ mi fún un! Ẹ lé mi jáde lọ bá Kubat, ẹ má kàn máa fọwọ́ pa á bẹ́ẹ̀ yẹn.

Kí lẹ wí?

Ẹ ní... ṣé ó móoru?

Ó móoru, Màámi. Ó móoru gan-an.