Èèwọ̀ Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Dá Sílẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti darúgbó, eyín mi ò pé mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan há mi láyà. Irọ́ tí mo pa ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni. Mo ní kí n sọ ọ́ báyìí torí ó tún fẹ́ gbé ọmọ mìíràn mì. Ìwé kẹrin ni mo ti sá kúrò níléèwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú fo àṣìkọ.

Ìsẹ́yìn ni mí. Aṣọ òfì là ń hun nílé wa. Láyé ìgbà yẹn, ọkùnrin ló ń jókòó sí ìdí òfì. Àwọn obìnrin a máa bá wa ká òwú. Ṣùgbọ́n Sìkírá, àkọ́bí mi, ò gbọ́. Bí mo bá lọ kírun báyìí, á bọ́ sí ìdí òfì mi. Nígbà tó fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, aṣọ rẹ̀ ti dán ju tèmi lọ. Àsọdùn kọ́ o. Mo mọ àsọdùn dáadáa, iṣẹ́ mi kejì ni.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan wá láti Ṣakí. Ó ti aṣọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bàbá, èyí tí ọmọbìnrin yẹn hun ni mo fẹ́." Gbogbo ọkùnrin abẹ́ àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Kàmórù, ọmọ àbúrò bàbá mi, ní, "Bàbá Sìkírá, ẹ kúkú máa lọ ká òwú!"

Ojú tì mí. Inú sì bí mi sí ọmọ tí mo bí.

Nígbà tó di Jímọ̀, mo pe agbo ilé jọ. Mo ní bàbá mi fi ọ̀rọ̀ kan lé mi lọ́wọ́ kó tó kú. Mo ní ìyá-ńlá wa kan jókòó sí ìdí òfì láyé ogun, ni òwú bá ń ti ẹnu rẹ̀ jáde fún ọjọ́ méje, tí ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ tẹ̀lé e títí dé odò Òfíkì. Mo ní obìnrin ilé wa tí kò bá jáwọ́ nínú òfì ò ní gbọ́mọ pọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín ni. Ẹnì kan ò rẹ́rìn-ín. Sìkírá sọ òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fọwọ́ kan òfì mọ́ títí dòní. Ata gígún ló ń tà.

Lónìí, ọmọbìnrin ń hun òfì káàkiri Ìsẹ́yìn, àfi nílé wa. Bàbá Kàmórù tilẹ̀ ń búra pé bàbá òun náà sọ ti ewúrẹ́ yẹn fún òun!

Ráfíátù, ọmọ Sìkírá, wá pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ní òfì lòun fẹ́ kọ́. Ìyá rẹ̀ yarí kanlẹ̀: èèwọ̀ ilé wa ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe Sìkírá, mo jẹ́wọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Mo ní wallahi, irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wá àpótí jókòó lé.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbà pé Ọlọ́run ò kọ òfì mọ́ mi. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn. Tó bá jẹ́ irọ́, ta wá ni mo ti ń jẹ́ láti ọjọ́ yìí?" Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí Ráfíátù gbọ́ ọ láéláé.



Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ mú Ráfíátù lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀. Ọmọ náà ń sunkún. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, mo ti já ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ dì mú. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ kejì tí mo máa lé nídìí òfì nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bímọ, èwo ni kí n ṣe? Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tètè dá mi lóhùn. Mọ́ńdè ò jìnnà.